Kí Ẹnu Lè Fúyẹ́

Owó inú agolo Bọ́nfítà náà kò tó ohun méjì:
yálà tọ́ọ̀pù méjì sí i, kí ohùn lè dé ẹ̀yìn,
tàbí bàásì méjì, kí ilẹ̀ lè mọ̀ pé a dé.
Oṣù mẹ́fà la fi jiyàn, èmi àti Jégédé,
bí a ti ń ká wáyà, bí a ti ń na tapólì,
nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè Ẹfọ̀n
bí àgbà tí orúnkún ń dùn.

Jégédé ní bàásì. Ó ní àwọn ará Ìkọ̀rò ti ra tiwọn,
mẹ́rin, dúdú bí ìdí ìkòkò,
láti Àjíǹde ni wọn ò ti pè wá síbì kan.
Èmi ní tọ́ọ̀pù.
Ìdí tí mo fi ní tọ́ọ̀pù jókòó sórí àga oníke
lábẹ́ máńgòrò, ní ìparí pápá ilé-ìwé,
lọ́jọ́ tí a sin Tíṣà Ọlọ́fínlúà.

Iye Ojúọlápé ni, àbúrò òkú,
ó pẹ́ dé láti Ìtawúrẹ́, kò ráyè níwájú.
Wọ́n ń ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé,
wọ́n dé ibi tí àbúrò kan ti ta aṣọ òkè rẹ̀
kí ẹ̀gbọ́n lè rówó ìdánwò san.
Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Gbogbo èèyàn bojú wẹ̀yìn.
Òun náà bojú wẹ̀yìn.
Ó wá bi ọmọdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ léèrè pé,
"Ta ni wọ́n ń yìn?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dijú, tọ́ọ̀pù ni mo ń rí,
méjì, lórí òpó gíga, tí wọ́n kọjú sí máńgòrò.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni Jégédé ní, "Wá dúró síbí."
Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó fún mi ní máìkì,
mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan, èjì," bí a ti máa ń ṣe,
ohùn náà jáde bí ẹni tí iṣu há lọ́nà ọ̀fun.
Ó yí kinní kan lórí míksà,
ó gé ìsàlẹ̀ ohùn kúrò,
bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀ lórí aláàárù.
Mo tún ní, "Ẹ̀ẹ̀kan."
Ẹ̀ẹ̀kan náà kọjá máńgòrò, ó kan òkè, ó padà wá bá mi.
Kò pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó kàn mọ́ ni.

"Tọ́ọ̀pù rẹ ò kéré," Jégédé wí.
"O ní kó ru odó, o tún ní kó máa súfèé."

Inú bí mi. Òótọ́ ọ̀rẹ́ a máa ta bí ata.
Òkè tó yí wa ká sì ti ń dá wa lóhùn tẹ́lẹ̀;
bí ẹnu wa bá di mẹ́rin,
ta ni yóò mọ èyí tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

A lọ sí Adó, sí Òkèṣà, a ka owó lẹ́ẹ̀mẹta.
Bàásì la rà. Kì í ṣe nítorí ariwo:
nítorí kẹ́nìkan lè ru odó.
Orí àpótí náà ni Jégédé sùn títí a fi kọjá Aramọkọ.

Nígbà tí ọdún Tíṣà pé, pápá kan náà, àga kan náà.
Mo fi míksà sílẹ̀, mo lọ jókòó ti ìyá náà.
Wọ́n tún dárúkọ rẹ̀.
Ó mi orí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.
"Mo gbọ́," ó wí. "Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́."
Ó wá tẹ ọwọ́ sí ikùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò yíká:
"Ṣùgbọ́n ta ló ń gúnyán lábẹ́ àga mi?"

Mo nawọ́ sí Jégédé lókèèrè
pé kó dín in kù, díẹ̀ péré.
Ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi.